Èsì: "àtúnrọ̀" kọ́ o, "àtúnrọ" ni

Ará Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹni tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní ká máa pe Sega Mega Drive (ẹ̀rọ géèmù tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé) tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sọ di géèmù àfọwọ́mú, ní "ẹ̀rọ ayò àtúnrọ̀". Ta ló ti ohùn ìsàlẹ̀ bọ "rọ" lẹ́nu? Òjò ní í rọ̀. Ẹ̀bà ní í rọ̀. Rírọ ni à ń rọ irin, ibẹ̀ sì ni "ẹ̀rọ" ti wá.

Ẹlòmíì ní "àtúnṣe" ti tó. Kí ló bàjẹ́ tí a ń tún ṣe? Ẹ wo iṣẹ́ ọ̀hún. 7805, ẹ̀yà kékeré tó ń dín fóòtì kù nínú Mega Drive, ń gba fóòtì 9, ó ń fi 5 ránṣẹ́, ó sì ń fi ìyókù ṣe ooru: bí ààbọ̀ áńpù bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, wáàtì 2 ló ṣòfò yẹn. Bátìrì 18650 (irú lítíọ́mù roboto) méjì tí a so tẹ̀léra jẹ́ fóòtì 7.4, ó di 8.4 tó bá kún. 7805 sì ń fẹ́ tó bíi 7 kó tó lè dúró lórí 5. Tí bátìrì bá ti wálẹ̀ sí 6 àti díẹ̀, ojú àwòrán géèmù á máa ṣẹ́jú, géèmù á há, bẹ́ẹ̀ agbára ṣì kù nínú bátìrì! Ẹ yọ 7805 dànù, ẹ fi kọnfátà kékeré tó ń bu fóòtì wálẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo kọnfátà náà, kí ẹ yí i sí 5 gééré, kó tó kan pánẹ́ẹ̀lì géèmù. Bó ṣe ti ọjà dé, ó lè máa tú 9 jáde. Bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2600 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà), tí gbogbo rẹ̀ bá ń jẹ wáàtì 5, á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀. Ẹ má jó òjé mọ́ ara bátìrì ní tààrà, ooru á bà á jẹ́. Irin nickel pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi so ó. Ẹ má sì gbàgbé pánẹ́ẹ̀lì ààbò, èyí tí kì í jẹ́ kí bátìrì gba iná jù tàbí kó gbẹ jù.

Ibi tó le jù ni ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì, níbi tí à ń ki géèmù bọ̀: ẹsẹ̀ 64, ẹ ó yọ gbogbo rẹ̀, ẹ ó fi wáyà tín-ín-rín gbé e lọ sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wáyà bá gùn jù, géèmù á máa dá dúró lójijì. Ẹ pe ìyẹn ní àtúnṣe!

Ará Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ti ohùn. Ṣùgbọ́n ike ni ilé rẹ̀; ta ló ń rọ ike? Gígé là ń gé e. Ní 1995 Sega fúnra wọn gbé Nomad, géèmù àfọwọ́mú tiwọn, jáde, bátìrì AA mẹ́fà, kásẹ́ẹ̀tì Mega Drive náà ló ń jẹ. Kò sẹ́ni tó tún un rọ. "Alágbèéká" gba àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà tó kọ́ wa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ará Tákíé:

"Alágbèéká" ti di ti fóònù àti kọ̀ǹpútà. Àgbà wo ló sọ ọ́ fún yín pé "ayò" ni géèmù? Ayò ò kọjá ọpọ́n. Tí ẹ bá sì kọ ọ́ láìsí àmì, "ayọ̀" ni ẹlòmíì á kà á sí.

Ará Àkẹ̀sán:

Ẹ fi "ayò" sílẹ̀ fún mi. Ọ̀yọ́ náà kúkú ni Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ. Ṣé "géèmù" tí ẹ̀yin ń kọ káàkiri yẹn ni Yorùbá?