Ọmọ tí ò tíì mọ ara ẹ̀ lágbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa bi wá lánàá pé kí la máa pe fíìmù jẹ́ẹ́jẹ́ tó dá lórí ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ("coming-of-age"), tó jẹ́ "awkward", ìyẹn tí kò mọ bó ṣe máa gbé ara ẹ̀ láàárín èèyàn, ní Yorùbá, wọ́n sì dábàá "eré ìbàlágà ọmọbìnrin dìndìnrìn kan". "Jẹ́ẹ́jẹ́" yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí kò sẹ́ni tó kú nínú irú eré bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè gba ìyókù.

Inú èdè Lárúbáwá la ti mú bàlágà, ara ló sì ń sọ. Ọmọ Mùsùlùmí tó bá ti bàlágà, ìrun àti ààwẹ̀ ti di dandan fún un nìyẹn, ààlà ni, o ti kọjá ẹ̀ àbí o ò tíì kọjá ẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé Obìtun tiwa ní Ondo á bá a mu, torí ayẹyẹ ọmọbìnrin tó ti ń di obìnrin ni, wọ́n á wọ ìlẹ̀kẹ̀ fún un, á jó, gbogbo èèyàn á wò ó. Àmọ́ ojú èèyàn ni Obìtun ń wá, ojú èèyàn sì ni ọmọ inú fíìmù ń sá fún.

Dìndìnrìn ló wá dùn mí jù. Níbi ìkómọ kan l'Ákùúrẹ́ níbí, ní Òkè-Àró, wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé máàtì fún àwọn àlejò, ọmọ ọdún 14, ó ti ga ju ìyá ẹ̀ lọ, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó rántí pé tíréè wà lọ́wọ́ òun, ló bá dúró sáàárín, kò kúnlẹ̀ kò nàró, máàtì kan já bọ́. Ẹnì kan ní "ha, ọmọge ti dé!", ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa bùláòsì ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín tó rín jọ ẹkún. Ọmọ yìí kan náà ló ń kọ́ àbúrò ẹ̀ ní ìṣirò! Kí ló wá jẹ́ dìndìnrìn níbẹ̀?

Ìyá wa àgbà ló dáhùn. Wọ́n ní "ẹ fọmọ sílẹ̀ jàre, kò tíì mọ ara ẹ̀ lágbà ni".

Ẹ wò ó, "ojú ń tì í" ò tó, onítìjú mìíràn mọ bó ṣe ń gbé ara ẹ̀. "Ara ẹ̀ ò balẹ̀" náà ò tó, èmi tí mo ń retí owó oṣù, ara mi ò balẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní èébú ni "kò mọ ara ẹ̀ lágbà", òótọ́ ni, tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ń hùwà ọmọdé là ń sọ ọ́ sí. Àmọ́ "tíì" ló yí i padà, "tíì" ló ní ó ń bọ̀, ẹ ní sùúrù fún un.

Fún "coming-of-age", mo dábàá ìdọmọge, bí "sọ di ọ̀tun" ṣe di ìsọdọ̀tun. Kó wá kà báyìí: "eré jẹ́ẹ́jẹ́ nípa ìdọmọge ọmọbìnrin kan tí ò tíì mọ ara ẹ̀ lágbà".

Tó bá jẹ́ ọmọkùnrin ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́ ọkùnrin lọ́wọ́, kí lẹ máa ń sọ nílé?