Mo fẹ́ lóyún, ara mi sì tóbi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o. Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo wọn kílò 96, mo ga tó mítà 1.62. Nǹkan oṣù mi máa ń tó ọjọ́ 50 sí 70 kó tó wá. Ṣé kí n gbààwẹ̀ kí n lè tètè fọn ni, àbí kí n gba abẹ́rẹ́ ìfọnra?

Agbẹ̀bí Àgbà: Àbúrò, má febi para ẹ. Ọ̀rá inú ikùn ni kì í jẹ́ kí ínsúlínì, họ́mọ́ọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ríṣẹ́ ṣe, ara á wá máa tú u jáde lápọ̀jù. Àpọ̀jù yẹn ló ń mú kí ibi tí ẹyin wà máa pèsè họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ, ẹyin ò ní gbó, kò sì ní bọ́. Tí o bá wá ń febi para ẹ, ọpọlọ á rò pé ìyàn mú, á sì dá họ́mọ́ọ̀nù tó ń pe ẹyin dúró. Nǹkan oṣù tó ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ lè má wá mọ́ rárá.

Ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n ẹ ni kí o lé, ìyẹn bíi kílò 5 sí 10. Ọ̀pọ̀ ni ẹyin wọn máa ń padà bọ́ níbẹ̀, kò dìgbà tí wọ́n bá di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Yọ nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́, ohun mímu aládùn ni kí o kọ́kọ́ gbé jù. Fi ìrìn kánmọ́kánmọ́ 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kún un. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí o gorí ìwọ̀n, láàárọ̀, lẹ́yìn tí o bá tọ̀ tán. Bí nǹkan oṣù bá kù dẹ̀dẹ̀, omi ara lè fi kílò kan kún un, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́.

Tíì Aláwọ̀ Ewé: Tíì ìfọnra ńkọ́? Ó yá jùyẹn lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ìgbẹ́ àti omi ló ń yọ, kì í ṣe ọ̀rá. Olùbéèrè, ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò oyún, tairọ́ìdì (ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń tú họ́mọ́ọ̀nù jáde), prolactin (họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú kí ọmú sun wàrà) àti ṣúgà, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ìsanra. Tó bá lé ní ọjọ́ 90 tí nǹkan oṣù ò wá, ẹ rí dókítà: awọ inú ilé ọmọ tí kì í ṣí dànù máa ń nípọn, ó sì lè di jẹjẹrẹ tó bá pẹ́.

Ní ti abẹ́rẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ a kì í lò ó pẹ̀lú oyún. Semaglutide, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà, gbọ́dọ̀ dúró ó kéré tán oṣù 2 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá oyún. Tirzepatide, òmíràn nínú wọn, lè sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró di aláìlágbára, nítorí náà ẹ lo kọ́ńdọ̀mù fún ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àti nígbàkigbà tí wọ́n bá fi kún ìwọ̀n ẹ̀. Ẹyin á ti máa bọ́ kẹ́ ẹ tó rí nǹkan oṣù, ibẹ̀ ni oyún òjijì ti ń wá.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Iṣẹ́ abẹ ikùn tí wọ́n fi ń fọn ńkọ́?

Agbẹ̀bí Àgbà: Ẹ̀yìn ẹ̀, wàá dúró oṣù 12 sí 18 kí o tó lóyún. Ní sáà tí ara ń yára fọn yẹn, oúnjẹ tó ń wọlé ò tó èèyàn méjì. Áyọ́ọ̀nù (èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀) àti fítámì B12 wà lára ohun tó máa ń lọ sílẹ̀. Tó o bá sì ń sún mọ́ ọdún 35, rò ó wò dáadáa, torí ọjọ́ orí ń jẹ ẹyin lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Folic acid, fítámì tó ń dáàbò bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú, ò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ẹ bá fọn o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá 5 mg ló máa kọ fún yín dípò 400 microgram.