Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè sọ pé n kì í jẹ ẹran, kí àwọn àna mi sì gbà á?

Àbẹ̀ní (ẹni tó béèrè):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé. N kì í jẹ ẹran. N kì í jẹ ẹja, adìyẹ, ìgbín, edé tàbí pọ̀nmọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà bẹ́ẹ̀, kí n tó mọ ọkọ mi rárá. Ọdún márùn-ún rèé tí mo ti wọlé ọkọ, ìyá ọkọ mi tó ń gbé ní Òṣogbo kò sì fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ dà mí láàmú rí. Àfi ọjọ́ Àìkú yìí tí a lọ ṣe ìkómọjáde ọmọ àbúrò ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi bu ẹ̀gúsí tí ẹran àti ìgbín kún inú rẹ̀ síwájú mi, níṣojú àwọn àlejò, wọ́n ní bí ó bá wù mí kí n jẹ ẹ́, bí kò bá wù mí kí n fi ebi sùn.

Èmi ni mo ra aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà ni mo ra kúlà ńlá tí wọ́n kó ìrẹsì sí, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo rà á. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí kò ra ẹyọ àwo kan fún wọn rí, ni wọ́n ń pè ní "ìyàwó àtàtà" ní gbogbo ọjọ́ náà. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Mo mu omi, mo sì wọ yàrá lọ sùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni èyí: báwo ni èèyàn ṣe ń sọ pé òun kì í jẹ ẹran nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kò fi ní í kà á sí ìgbéraga? Mo ti sọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀.

Ìyá Káfáyà:
Ọmọ mi, mo gbọ́ ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ẹni, ìyá ẹni ni. Nígbà tí wọ́n bu ọbẹ̀ fún ọ, kí ló dé tí o kò ṣa ẹran inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o fi ọbẹ̀ jẹ iyán, kí o sì dúpẹ́? Ọmọ mi obìnrin kejì kì í jẹ ẹran àgbò láti kékeré. Bí Iléyá bá dé, yóò bá wa gé e, yóò bá wa sè é, yóò bá wa pín in fún àdúgbò, kò sì sí ẹni tí í mọ̀ pé kò kan ẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi pẹ̀lẹ́ mú kì í bàjẹ́. Lọ bẹ̀ wọ́n.

Àìná (London):
Ẹ má bínú, Ìyá Káfáyà, n kò lè jẹ ọbẹ̀ tí wọ́n ṣa ẹran kúrò nínú rẹ̀. Omi ẹran náà ti wà nínú ọbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí èmi náà ti pa ohun ẹlẹ́mìí tì. Níbí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń sọ, vegan, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá yóò sì ti mọ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà nínú rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun pàápàá kò bí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn. Ọdún 1847 ni wọ́n dá Vegetarian Society, ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran, sílẹ̀ ní ìlú Ramsgate níbí. Nígbà tó di 1944, Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọn kì í fẹnu kan ẹyin àti wàrà, rí i pé orúkọ àtijọ́ náà, vegetarian, kò bá àwọn mu mọ́, wọ́n sì wá tiwọn, vegan.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dé òde àríyá àwọn ará wa ní Peckham, tí mo ní n kì í jẹ ẹran, adìyẹ ni wọn yóò gbé wá. Bí mo bá kọ adìyẹ, ẹja ni yóò tẹ̀lé e. Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín. Nínú èdè wa, ẹja kì í ṣe ẹran, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì ka adìyẹ sí ẹran gidi, ti edé kò tilẹ̀ ṣeé sọ, nítorí bí iyọ̀ àti ata ni wọ́n ṣe kà á nínú mọ́ín-mọ́ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àgàgà edé. Ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Ọmọ Rẹ́mọ:
Òótọ́ ni Àìná sọ. Mo ka ìwé ní Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, yunifásítì ìjọ Adventist. Oúnjẹ tí kò ní ẹran ni wọ́n ń fún wa, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ láti máa jẹ olú, sóyà àti ẹ̀wà dípò ẹran. Ní ọdún àkọ́kọ́ mo sunkún, ní ọdún kẹrin kò wù mí jẹ mọ́. Nígbà tí mo padà sílé, mo pe ara mí ní ajẹ̀fọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ fún mi, nítorí wọ́n rò pé n kò rí owó ra ẹran ni. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá sì se ẹ̀fọ́ fún mi, ẹja pańla àti edé ni yóò kún inú rẹ̀, yóò ní ṣebí ẹ̀fọ́ ni mo ní kí òun sè. Nígbà tí mo sọ pé ìlànà ìjọ ni, gbogbo wọn dákẹ́. Àwọn èèyàn wa máa ń bọ̀wọ̀ fún ìdí tó bá ti ọwọ́ Ọlọ́run wá.

Ìyá Káfáyà:
Ìwọ Ọmọ Rẹ́mọ, ṣé ọmọ ìjọ náà ni ọ́ ní òótọ́, àbí o kàn yá orúkọ wọn lò? Àìná, ẹ má fi àṣà Peckham kọ́ ọmọ yìí bí yóò ṣe gbé nílé ọkọ. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún owó àti ìyá tó se tirẹ̀ nítorí ìfẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àìná (London):
Ìyá wa, èmi náà ní ìyá ọkọ, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ní kí n gbé ohun tí ara mi kọ̀ mì.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́:
Àbẹ̀ní, ẹ jọ̀ọ́, ṣé dókítà ló ní kí ẹ má jẹ ẹran ni? Ṣé ẹ ń jẹ ẹyin, ṣé ẹ ń mu wàrà? Ṣé oyún wà nínú yín báyìí? Bí kò bá sí ẹyin àti wàrà, ẹ gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ní fítámì B12, nítorí pé inú ohun tó ti ara ẹranko wá ni èèyàn ti ń rí i, ẹ̀fọ́ lásán kì í fúnni ní i. Ẹ máa jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ mọ́ ẹ̀wà kí ara lè gba èròjà ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀, ẹ má sì mu tíì mọ́ ọn.

Àbẹ̀ní:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ń jẹ ẹyin, mo ń mu wàrà, ara mi le, kò sí oyún. Ìyá Káfáyà, ẹ má bínú, n kò gbéraga sí wọn. Ní ọdún márùn-ún yìí, ìyá ọkọ mi ní ìkòkò kékeré kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún mi, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ etí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìgbákọ ọbẹ̀ ẹran rò ó. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n ṣe fi dùn mí.

Bàbá Oníṣẹ̀ṣe:
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ohun kan kò sì yé mi. Obìnrin tó ya ìkòkò sọ́tọ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kì í ṣe ìkà. Ẹni tó so aṣọ pupa mọ́ ìkòkò, nǹkan ló ń bẹ̀rù. Ìwọ Àbẹ̀ní, kí ni o sọ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Àbẹ̀ní:
Mo sọ pé èèwọ̀ ìdílé bàbá mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbé iyán àti ẹran ìgbẹ́ wá, gbogbo ilé ń wo ẹnu mi. Bí mo bá sọ pé kò wù mí, wọn yóò ní ọmọ olówó ni mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èèwọ̀ ilé wa ni." Ojú gbogbo wọn rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá mi ti kú nígbà náà, ìdílé bàbá mi sì ń bá ìyá mi jà lórí ogún, nítorí náà àwọn ará ilé ìyá mi ló dúró fún mi níbi ìgbéyàwó. Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin gbéyàwó, ó ti parí ìjà pẹ̀lú wọn, gbogbo ilé bàbá mi ló wá. Ìyá ọkọ mi náà wá sí Ìbàdàn. Àwọn onílù bẹ̀rẹ̀ sí í ki ilé wa ní ilé alápatà, nítorí alápatà ni bàbá mi, alápatà ni bàbá rẹ̀ kí ó tó kú. Bàbá mi kékeré bọ́ agbádá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹsẹ̀ màlúù, ó sì gbé èyí tó tóbi jù síwájú ìyá ọkọ mi.

Bàbá Oníṣẹ̀ṣe:
Mo mọ̀ pé ohun kan wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Èèwọ̀ kì í ṣe aṣọ tí a ń yá wọ̀. Àwọn ọlọ́ya kì í jẹ àgbò, àwọn ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, ẹni tí odù sọ fún pé kí ó má jẹ ohun kan mọ ìdí rẹ̀ àti ohun tó lè tẹ̀lé e. Nígbà tí o pe èèwọ̀, ẹ̀rù lo gbé lé obìnrin yẹn lórí. Ní ọdún márùn-ún ló ti ń sùn, tó ń jí, tó ń ṣọ́ kí ẹran má baà kan ìkòkò rẹ kí aburú má baà ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun. Ìwọ mọ̀ pé kò sí nǹkan kan.

Ọmọ Rẹ́mọ:
Bàbá, ẹ rọra. Bí ilé kò bá gba "kò wù mí", irọ́ ni èèyàn yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀. Èmi náà kì í ṣe ọmọ ìjọ Adventist, Ìyá Káfáyà ti bi mí, n kò sì dáhùn. Mo ń sọ ọ́ báyìí.

Àbẹ̀ní:
Ó kù ohun kan. Nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ìyá ọkọ mi bi mí bóyá èèwọ̀ náà kàn án. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo ní ó kàn án. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún báyìí. Ọ̀dọ̀ wọn ló wà fún oṣù méjì nígbà tí mo lọ fún iṣẹ́ ní Àbújá, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní ẹja. Àwọn ìbátan bú wọn, wọ́n ní wọ́n ń fi ebi pa ọmọ, ìyá ọkọ mi kò sì jẹ́ kó yẹ̀. Ọkọ mi náà gbà pé èèwọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́:
Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìtọ́jú lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọmọ lè dàgbà dáadáa láìjẹ ẹran bí ó bá ń rí ẹyin, wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀pà lílọ̀ déédéé, ṣùgbọ́n òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé yíyàn ni, kí wọ́n lè máa wá ohun tí wọn yóò fi rọ́pò. Ẹni tó rò pé èèwọ̀ ni yóò kàn mú ẹja kúrò, kò ní í ronú nípa ohun tó yẹ kó fi dí àyè rẹ̀.

Àìná (London):
Mo gbèjà yín lókè, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún.

Ìyá Káfáyà:
Ìyá ọkọ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ sọ fún, àwọn ló jẹ ìyà jù. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, o kò tíì sọ fún wa. Kí ló dé tí ọmọ alápatà kì í fi í jẹ ẹran?

Àbẹ̀ní:
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín lọ fún bàbá mi ní odò ẹran láàárọ̀ kùtù. Lọ́jọ́ kan mo tètè dé. Màlúù kan wà nílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń wò mí, mo rí ara mi nínú ẹyinjú rẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé ọ̀dọ̀ mi títí tí ó fi wọ inú bàtà mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fọ bàtà náà lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn rẹ̀ kò kúrò. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè gbé e mì.

Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi níwèé dé yunifásítì, kò sì fi ipá mú mi jẹ ẹran rí. Bí mo bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni mo sá fún, ó dà bíi pé mo ń bú u nínú sàréè rẹ̀. Mo rò pé èèwọ̀ yóò bo gbogbo rẹ̀.

Bàbá Oníṣẹ̀ṣe:
Ìyẹn náà ni kí o sọ fún wọn, bí o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an. Sọ ti bàbá rẹ kí o tó sọ ti ẹ̀jẹ̀.

Àbẹ̀ní:
Mo ti sọ fún ọkọ mi lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé, "Ọmọ wa ńkọ́?" A ó gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní ọjọ́ Ẹtì, a ó sì kọjá sí Òṣogbo ní Sátidé. Mo fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́, n kò mọ ohun tó yẹ kí n rà.

Ìyá Káfáyà:
Má ra nǹkan kan, kí wọ́n má baà rò pé kúlà mìíràn lo tún gbé wá. Kúnlẹ̀ kí o tó la ẹnu. Sọ ti bàtà yẹn fún wọn. Bí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú tẹ́ wọn lọ́rùn, má dáhùn. Bí wọ́n bá wá gbé ìkòkò kékeré yẹn jáde, ìwọ ni kí o tú aṣọ pupa tó wà létí rẹ̀, kí o sì bá wọn fọ̀ ọ́.