Ẹ wá sọ tiyín: báwo lẹ ṣe mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ Roland Garros, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ti Paris?

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹ́níìsì níbí ní Àjàṣẹ́, lórí ilẹ̀ pupa tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n fi ẹfun fa ìlà sí. Ìbéèrè kan náà làwọn ará ilé ń bi í lójoojúmọ́: "Ìgbà wo lo máa mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí dé Paris? Ṣé o ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ ni?" Ó máa ń dùn ún. Èmi náà sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹni-tí-a-mọ̀ ni, àfi lọ́dún 2020.

Lọ́dún náà, kòrónà ti sún ìdíje ọ̀hún di oṣù kẹsàn-án. A jókòó nídìí àkàrà ìyá wa, à ń wo ìdíje ìpegedé, èyí tí wọ́n fi ń yan lára àwọn tó máa wọlé, lórí fóònù. Mo ní ká dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí àwọn tó lórúkọ dé. Ẹ̀gbọ́n mi fa bébà kan yọ nínú èyí tí ìyá wa fi ń di àkàrà, ó kọ 128 sí i. "Iye ọkùnrin tó máa gbá ìdíje gan-an nìyí. Ipò lágbàáyé ló ń gbé 104 wọlé. Àwọn tó ni ìdíje ń fi ìwé ìpè mú ẹni 8, ọmọ Faransé ló sì ń pọ̀ jù. Ó ku mélòó?" Mo ní 16. Ó ní, "Àyè yẹn ni wọ́n ń jà fún yìí. Àwọn 128 míì ló ń du àyè 16, ẹni tó bá fẹ́ wọlé sì gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹta." Epo àkàrà ti bo nọ́ńbà àkọ́kọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mayar Sherif ti Íjíbítì pegedé, obìnrin Íjíbítì àkọ́kọ́ tó máa gbá irú ìdíje ńlá bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wọlé tán, ó gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn apá àkọ́kọ́ eré náà, lọ́wọ́ Plíšková, ọmọ Czech, kí ìyẹn tó padà borí. Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́ fún fóònù. Nadia Podoroska, ọmọ Ajẹntínà, gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé lọ́dún yẹn, ó sì dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Látìgbà yẹn, mi ò fojú kéré ọ̀sẹ̀ ìpegedé mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ

Ọmọ mi, o ṣeun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo tọ́ dàgbà ń gbá a. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ipò, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rí póìntì? Ó lọ síbi ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní M15, ibẹ̀ ló kéré jù fún ọkùnrin. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀kan gba póìntì kan. Ẹni tó bá pàdánù lákọ̀ọ́kọ́, òfo. Ẹni tó gba ife pàápàá, 15 ni. Ti Roland Garros jẹ́ 2000. Kí ẹ wá mọ̀ pé bí ọ̀sẹ̀ 52 bá ti pé, èyí tí o kó tẹ́lẹ̀ á jábọ́, o ní láti tún un kó.

Sẹ́ẹ̀tì kẹta ló ti pàdánù. Ó pè mí lálẹ́, kò lè sọ̀rọ̀, èémí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, físà rẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n ti gbá a dé ọjọ́ kẹta. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí mo fi owó iṣu rà ṣègbé. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ará Kétu

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Èmi fojú rí i. Àǹtí mi tó ń gbé Paris mú mi lọ lọ́sẹ̀ ìpegedé, torí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò wọ́n bíi ti ọ̀sẹ̀ ńlá. Ilẹ̀ pupa yẹn, bíríkì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, wọ́n fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí òkúta ẹfun. Bọ́ọ̀lù ọmọkùnrin kan balẹ̀ létí ìlà. Rẹfirí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga gíga, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú àpá náà, ó gbé ìka sókè: ó ti jáde. Ìpele kẹta ìpegedé ni ọmọkùnrin náà wà, ibẹ̀ ló parí sí. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì bo orí, kò sì tètè dìde.

Àǹtí mi ní àwọn bẹ́ẹ̀ kì í kúrò ní Paris kíá. Bí ẹnì kan nínú àwọn 128 tó wà nínú ìdíje gan-an bá fara pa kó tó gbá ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n lè pe ẹni tó pàdánù nípele ìkẹyìn ìpegedé láti rọ́pò rẹ̀.

Ti ìwé ìpè ńkọ́? Kì í ṣe ojúsàájú lásán. Lọ́dún 2025, ipò 361 ni Lois Boisson, obìnrin ọmọ Faransé, wà tí wọ́n fi pè é. Ó na Pegula tó wà ní ipò kẹta, ó tún na Andreeva.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná. Ó ní kí n bá òun bi Ìyá Ìbejì: ṣé ọmọ yẹn ṣì ń gbá a?

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ

Ó ń gbá a, ọmọ mi. Póìntì mẹ́ta ló ní báyìí.