Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ṣé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tuntun ló kàn ní àdúgbò wa?

Akọ̀wé Lándíọ̀dù (Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándíọ̀dù àdúgbò wa, lápá ibi tí ilé ti ń parí tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní mítìǹgì tó kọjá, gbogbo ẹnu ló kò pé ká kọ̀wé sí kánsù pé kí wọ́n bá wa kọ́ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tuntun, torí ọmọ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò pé ti pọ̀ jù láàárín wa. Èmi ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á tán, torí sẹ́ńtà kan wà nílẹ̀ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ náà wà.

Ohun tí mo rí ni pé Túsìdeè ni wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́, Túsìdeè míì sì wà tó máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà wa ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ yẹn ni àwọn ìyá ń ta gaàrí, ata, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí owó oúnjẹ, owó àjọ náà wà nídìí ẹ̀. Ta ló fẹ́ ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sí sẹ́ńtà láti àárọ̀ dọ̀sán?

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé sẹ́ńtà ń dá tiwọn ṣe, iléèwé ń dá tiwọn ṣe, àwọn wẹ́fíà kánsù (àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ìdílé), àfi tí tọkọtaya bá jà ká tó gbúròó wọn. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ pé àwọn ń tọ́jú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ni ká kọ sínú lẹ́tà yìí gan-an?

Mátíróònù:

Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ dúró rò ó kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìntì ní ìpínlẹ̀ Òǹdó níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, bí ẹ bá ná an ní Túsìdeè òní, Sátidé lẹ máa tún ná an, lẹ́yìn náà Wẹ́sìdeè, Sọ́ńdè, Tọ́sìdeè, Mọ́ńdè, Fúráìdeè, kó tó padà wá bọ́ sí Túsìdeè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gééré nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní kò burú, ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ wá gbé káàdì ọmọ wò. Tí wọ́n bá bí i, ó máa gba BCG (abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ), ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ àti ti mẹ́dọ̀wú. Lẹ́yìn ìyẹn ó kan ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Ẹ ṣe é ní ìṣirò: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín èyí sí ìkejì! Ìyẹn ni pé ọmọ tí ti ọ̀sẹ̀ 6 ẹ̀ bá ti bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ti 10 máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ti 14 náà á bọ́ sí i. Ìyá míì ní ojúlé kejì, tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò ní kan ọjọ́ ọjà rárá. Ẹ ò wá rí i pé àwọn ọmọ kan náà ló ń pàdánù gbogbo ẹ̀, àwa nọ́ọ̀sì á sì máa sọ pé ìyá wọn ò bìkítà. Ó máa ń ká mi lára tí mo bá gbọ́ ọ.

Nǹkan míì tí ará ìta ò mọ̀. Abẹ́rẹ́ eéyi, tí wọ́n ń gún ní oṣù 9 àti oṣù 15, ìgò kan tó ọmọ 10, tí nọ́ọ̀sì bá sì ti pò ó kò gbọdọ̀ lò ó kọjá wákàtí 6, èyí tó bá kù, ìdànù ni. BCG náà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ níbòmíì pé kí ìyá tó dá nìkan wá máa lọ, kó padà wá lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Lójú tèmi, kò dáa rárá, ìyá tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀kan, kì í yá a lára mọ́ láti tún wá, ọmọ kan tó sì gba abẹ́rẹ́ sàn ju ìgò tí a ò ṣí lọ. Ṣùgbọ́n tí sẹ́ńtà bá mọ iye ọmọ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, wàhálà yẹn á dín kù púpọ̀. Torí náà ẹ ní kí wọ́n yí ọjọ́ padà ní ọ̀sẹ̀ tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, tàbí kí wọ́n gbé kúláà abẹ́rẹ́ wá sínú ọjà gan-an. Kì í ṣe nǹkan tuntun, iṣẹ́ wa ni láti máa jáde lọ bá èèyàn.

Ìyá Ìbejì Ọbà-Ilé:

Òótọ́ lẹ sọ Màmá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ pé kò síbi tó nílò ilé tuntun o. Àwọn abúlé kan wà tí ẹni tó bá gun ọ̀kadà lọ bọ̀, owó ẹ̀ ju owó oúnjẹ ọjọ́ méjì lọ, tí òjò bá tún rọ̀ ọ̀nà á bà jẹ́ pátápátá. Kí akọ̀wé kọ́kọ́ bèèrè ibi tí àwọn ọmọ tí abẹ́rẹ́ wọn ò pé ń gbé. Tó bá jẹ́ àwọn abúlé oko tó jìnnà yẹn ni gbogbo wọn ti ń wá, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.

Ọmọ Ìgbàrà-Òkè:

Ẹ jẹ́ n rán yín létí Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún àti ọmọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ní 2009, lásìkò Gómìnà Mímikò, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ tiwa ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Gbogbo èèyàn ń rántí ọsibítù Ìyá àti Ọmọ ní Àkúrẹ́ torí ilé yẹn rí lójú, ṣùgbọ́n ní tèmi, iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n jókòó, wọ́n wá ìdí tí aboyún fi ń kú, wọ́n rí i pé ìdádúró mẹ́rin ni: kó pẹ́ kí wọ́n tó pinnu láti lọ, kó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀, kó pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn tó bá débẹ̀, kó tún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ ọsibítù ńlá. Ìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá wá nǹkan ṣe sí. Wọ́n pín aboyún fún àwọn hẹ́ẹ̀tì rénjà (òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n), rénjà kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tó jẹ́ tiẹ̀, ó ń lọ bá wọn nílé, wọ́n fún aboyún ní fóònù láti pè é. Obìnrin kì í dá nìkan wá ọ̀nà mọ́.

Ní 2014 wọ́n tún gbé Agbẹ̀bíyè dé, wọ́n ní kí àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ máa mú aboyún wá sí ọsibítù, kí wọ́n sì máa rí nǹkan gbà dípò ohun tí wọn ì bá rí nídìí ìgbẹ̀bí. Wọn ò bú wọn, wọn ò lé wọn.

Torí náà akọ̀wé, ẹ má yọ àwọn agbẹ̀bí àti ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, BCG ń fò ó, ìwé ìbí ń fò ó, kò sí rẹ́jísítà kankan tó mọ̀ pé ó dáyé, àfi ìyá agbẹ̀bí yẹn.

Tísà Òǹdó:

Ìlú Òǹdó ni mo ti ń kọ́ ọmọ, prámárì ni. Ká kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n èmi ti rí ìwé orúkọ tó kún kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò ṣí wò mọ́. Ta ló máa tẹ̀ lé ọmọ lẹ́yìn tí ẹ bá kọ orúkọ ẹ̀ tán? Ìbéèrè yẹn ni kó wà nínú lẹ́tà yín.

Láti 2004 ni òfin UBE (òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún 9 jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tó ti wá lánàá tí kò wá mọ́, èmi mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ fún. Ó lè jẹ́ pé ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ síbòmíì. Wẹ́fíà ló yẹ kó gbọ́ ọ, wẹ́fíà ò sì ní ọ̀nà láti gbọ́ ọ. Bákan náà ọmọ tí etí ẹ̀ ò gbọ́ dáadáa, a ti nà án títí pé alágídí ni, nígbà tó jẹ́ pé kí nọ́ọ̀sì kan yẹ etí wò ló kù.

Pé kí sẹ́ńtà wá sí iléèwé kì í ṣe nǹkan tí kò ṣeé ṣe. Abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lára ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó kan ìpínlẹ̀ tiwa ní 2024, wọ́n sì wá sínú iléèwé láti gún un. Tí wọ́n bá lè wá torí abẹ́rẹ́ yẹn, kí ló dé tí wọn ò ní yẹ ojú àti etí wò lọ́jọ́ kan náà?

Ẹ jọ̀ọ́ o, orúkọ ọmọ àti àìsàn ẹ̀, ẹ má gbé e sí WhatsApp ẹgbẹ́ lándíọ̀dù. Kó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti wẹ́fíà.

Akọ̀wé Lándíọ̀dù:

Ẹ ṣeun púpọ̀, inú mi dùn gan-an ni. Ìṣirò ọjọ́ ọjà tí Màmá ṣe yẹn, mo kà á fún alága wa lórí fóònù, ó ní kí n tún un kà. A ò ní kọ lẹ́tà ilé tuntun báyìí ná. Nǹkan mẹ́ta la fẹ́ bèèrè: kí abẹ́rẹ́ wá sínú ọjà, kí wẹ́fíà kan ní ọjọ́ tó máa wà ní sẹ́ńtà lóṣooṣù kí àwọn tísà lè rí i bá sọ̀rọ̀, kí àwọn agbẹ̀bí sì máa fi orúkọ ọmọ tuntun ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Màmá, ta la máa kọ́kọ́ lọ bá?

Mátíróònù:

Ìyálọ́jà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, torí òun ló máa fún nọ́ọ̀sì ní ìsọ̀ tó ní ìbòòji. Lẹ́yìn náà ẹ bá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹni tó wà nídìí sẹ́ńtà jókòó. Ẹ ní kí ó ka iye ọmọ tó wá ní Túsìdeè kọ̀ọ̀kan láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn fún yín, iye nìkan, kì í ṣe orúkọ, ẹ fi kàlẹ́ńdà ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ti ọjọ́ ọjà bá kéré sí ìyókù, ìwé yẹn lẹ máa mú dání lọ bá kòdínétọ̀ ètò ìlera ní kánsù.