Ẹ gbà mí o: ọmọ mi ti di Dalek, ìyá ọkọ mi sì ti gbé òróró jáde

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC tí ẹni tí wọ́n ń pè ní Doctor ti ń bá àwọn ẹ̀dá abàmì jà, pọ̀ láàárín wa. Mo tún mọ̀ pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn ná.

Àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bàbá wọn ló jókòó tì wọ́n tó ń fi Doctor Who ayé àtijọ́ hàn wọ́n lórí iPlayer, àwọn tí kò ní àwọ̀ kankan yẹn. Láti ìgbà náà ni Táyé ò ti sọ̀rọ̀ bí èèyàn mọ́. Ó lọ mú igi onírọ́bà tí a fi ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bá dí, ó nà án síwájú bí apá, ó wá ń fi imú pariwo káàkiri ilé bíi Dalek, ẹ̀dá apani inú eré náà: "Ex-ter-mi-nate!" (ẹ pa wọ́n run!). Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, kò lè dá dìde lọ tọ̀ lóru mọ́. Èmi ni mo ń sìn ín lọ, tí mo ń sìn ín bọ̀.

Ìyá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ Sátidé, Màmá ń jáde bọ̀ láti bálùwẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká wọn, ni Táyé bá ti rọ́bà náà mọ́ wọn níkùn, ó ní ọjọ́ ikú wọn pé. Màmá ò pariwo. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé òróró jáde, wọ́n fi ta gbogbo ẹnu ọ̀nà, títí kan ẹnu fíríìjì. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ní: "Ẹ̀mí tó ń sọ fọ́mọ pé kó pa gbogbo ẹni tí kò bá jọ ọ́, irú ẹ̀mí wo nìyẹn?" Èsì pòórá lẹ́nu mi.

Ṣé kí n fòfin dè é ni? Bí kò bá yẹ bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo àwọn ìkà inú eré yìí, èwo ni ká wò tí Kẹ́hìndé á fi rí oorun sùn? Kí sì ni kí n sọ fún Màmá?

Bàbá Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Èmi ni kí ẹ bi, nítorí ojú ọmọdé ni mo fi wo Dalek. Àwọn òbí mi ń kàwé ní London, wọ́n wá gbé mi fún ìdílé òyìnbó kan ní Kent tọ́, bí wọ́n ṣe ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú wa láyé ìgbà náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ̀yìn àga ni tèmi. Máa yọ ojú kan síta, máa fi ìkejì pamọ́.

Àtẹ̀gùn ló kó mi yọ. Àwa ọmọdé ti jọ fẹnu kò pé Dalek ò lẹ́sẹ̀, kò lè gun àtẹ̀gùn, bó bá fi lè wọlé, òkè la máa sá lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sùn. Àfi bó ṣe di 1988, tí mo ti dàgbà, tí mo ti ń gbowó oṣù, ni mo rí i tí Dalek kan gbéra nílẹ̀, tó léfòó, tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lẹ́yìn Doctor. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde dúró.

Ẹ má sọ ti 1988 fún Kẹ́hìndé o.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ jẹ́ kọ́mọ náà mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Nígbà tí Dalek kọ́kọ́ jáde ní December 1963, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló jókòó sínú rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kiri lórí táyà kéékèèké. Igi pẹlẹbẹ àti fáíbà ni ara rẹ̀. Òṣèré mìíràn ló ń sọ̀rọ̀ sínú gbohùngbohùn níbòmíì, tí ẹ̀rọ kan ń gé ohùn náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ sọ fún Táyé pé kò ṣìṣe o: rọ́bà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an ni apá Dalek.

Raymond Cusick ló ya ìrísí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni ní BBC. Ohun ìṣeré Dalek gba ìgboro kan, Terry Nation tó kọ ìtàn náà dolówó, owó oṣù Cusick ò yẹsẹ̀. Ọkùnrin yẹn ni mo máa ń rántí ní gbogbo ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rù kúrò lára Kẹ́hìndé, ẹ wá páálí fíríìjì kan, ẹ lu ihò ojú sí i, kí òun náà wọ inú ẹ̀. Ẹni tó wà nínú agọ̀ kì í sá fún eégún. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ pé mo dárúkọ eégún.)

Àǹtí Ìjọ

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ó tán.

Ará Cardiff

Àǹtí, ẹ rọra. Màmá ti dáhùn ìbéèrè ara wọn láìmọ̀. Ìlú tí mò ń gbé yìí ni wọ́n bí Terry Nation sí. Ọmọdé ni nígbà tí bọ́ǹbù Jámánì ń já lù wá níbí, tí àwọn èèyàn ń sá wọ abẹ́ ilẹ̀. Àwọn Nazi ló wò tó fi kọ Dalek. "Pa gbogbo ẹni tí kò bá jọ ọ́": ibi tí ìtàn náà dá lé gan-an ni Màmá fọwọ́ bà yẹn. Ẹ lọ sọ fún wọn pé wọ́n gbọ́ eré yìí yé ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Ní tèmi, Genesis of the Daleks ni kẹ́ ẹ wò, ti 1975, apá mẹ́fà. Ẹ̀yà méjì, Kaled àti Thal, ti bá ara wọn jà títí tí ohun ìjà fi tán nílẹ̀, ẹni tó gbé ìbọn olówó ńlá dání tún da awọ ẹran bora. Davros, arọ orí àga onítáyà tó ní ojú kan ṣoṣo níwájú orí, ló dá Dalek. Nígbà tó yá, Doctor di wáyà méjì mú. Bó bá fi wọ́n kanra, gbogbo Dalek parẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé òun lẹ́tọ̀ọ́. Mo ti wo ibẹ̀ yẹn àìmọye ìgbà, mi ò tíì mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ará Cardiff, ọmọ tí kò lè dá lọ tọ̀ lẹ fẹ́ fi Davros hàn? Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Màmá. Láyé ìgbà yẹn, Mary Whitehouse, obìnrin kan tó ń gbógun ti ìwà àìtọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ń pariwo sí BBC léraléra pé eré náà ti le jù fọ́mọdé.

Ẹ tún gbàgbé Cybermen, àwọn èèyàn tó ti sọ ara wọn di ẹ̀rọ. Ní tèmi, Dalek ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá wọn sílẹ̀ ní 1966, Kit Pedler, dókítà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ó rò ó pé bí a bá ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara, tá a pààrọ̀ ọwọ́, tá a pààrọ̀ ọkàn, ibo ni èèyàn ń parí sí? Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, aṣọ funfun ni wọ́n fi bo ojú, bí ìgbà tí wọ́n di báńdéèjì fún ẹni tó jóná, ẹ sì tún ń rí ọwọ́ èèyàn lásán nísàlẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Wọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fẹ́ kí ìwọ náà dà bíi tàwọn ni.

Bí ẹ bá máa wo The Tomb of the Cybermen ti 1967, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ. Ọkùnrin dúdú kan wà níbẹ̀, Toberman, ìránṣẹ́ alágbára tí wọn ò jẹ́ kó sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá. Òun ló fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn tó gba gbogbo wọn là. Kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ yín pé kí ni wọ́n rí.

Bàbá Peckham

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Master, ọ̀tá Doctor? Roger Delgado ló ṣe é ní 1971, irùngbọ̀n gígẹ̀, ìbọ̀wọ́ dúdú! Ìkà tó mọ̀wàá hù. Ìjàǹbá mọ́tò ló pa Delgado ní Turkey ní 1973. Mo ṣì ń ṣàárò rẹ̀.

Ọmọ Jos

Ẹ ti gbàgbé ilé. BBC fúnra wọn ló nu ọ̀pọ̀ téèpù àtijọ́, wọ́n ń fi gba eré mìíràn sórí ẹ̀. Àdàkọ tí wọ́n ti tà fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń yọ jáde lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ní oṣù October 2013 ni wọ́n kéde pé Philip Morris, ọkùnrin tó ń wá fíìmù tó sọnù kiri, rí apá mẹ́sàn-án Doctor Who ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Jos, tí àwọn agolo fíìmù ti ń jẹ eruku látọjọ́ yìí. Ní Jos tiwa!

Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti The Web of Fear: ẹranko onírun inú ihò ọkọ̀ ojú irin London. Bí ẹ bá ń gbé àwọn ọmọ wọ Tube, ẹ fo ìyẹn.

Márùn-ún tó kù jẹ́ ti The Enemy of the World, òun sì ni mo mú wá fún yín, Ìyá Ìbejì. Kò sí Dalek níbẹ̀, kò sí ẹranko. Èèyàn bíi tiwa ni ìkà náà. Salamander lorúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ti Doctor sì dà bí ìmumu tí a là sí méjì, nítorí Patrick Troughton ló ṣe àwọn méjèèjì. Ojú kan náà, ìwà ò papọ̀. Ta ló máa yé ju ìbejì lọ?

Onígẹ̀rígẹ̀rì

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé àtijọ́ nìkan ló kàn wá: ní May 2025, Doctor wọ ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rì ní Lagos. Inua Ellams ló kọ ọ́, Jos ni wọ́n sì bí òun náà sí. Ncuti Gatwa tó ṣe Doctor jókòó, wọ́n ń gẹrun, ìtàn tó bá pa ni ẹ̀rọ á jẹ. Òkìtì ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn aláǹtakùn ńlá ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, nítorí náà, Kẹ́hìndé, ó dàbọ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an. A rí páálí, Kẹ́hìndé wọ ọ́, ó lé Táyé dé ìdí àtẹ̀gùn, ó ní àwọn Dalek ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. (Bàbá Peckham, mo pa ẹnu mọ́.)

Mo sọ ti bọ́ǹbù àti ti Nazi fún Màmá. Wọ́n mi orí, wọn ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ àná a wo The Enemy of the World. Màmá ní àwọn ò wo nǹkan kan, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Bíbélì lórí itan. Kẹ́hìndé bi wá pé nínú òun àti Táyé, ta ni Salamander, Táyé fúnra ẹ̀ nawọ́ sókè.

Ìgbà tá a dé apá kẹrin ni Salamander sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn tó kó sí abẹ́ ilẹ̀. Ó ti sọ fún wọn pé ogun ti ba gbogbo òkè jẹ́. Ó gbé oúnjẹ dé, ó ń ṣe bí ẹni tó fi ẹ̀mí wewu kó tó rí i. Ni Màmá bá kígbe: "Irọ́ ló ń pa fún yín!" Bíbélì já bọ́. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní: "Mo mọ ọkùnrin yìí. Ó ti wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa rí."

Wọ́n ní kí n gbé apá karùn-ún sí i. Mo ní aago mẹ́wàá ti kọjá, iléèwé wà lọ́la. Wọ́n ní àwọn ò lọ síléèwé ní tàwọn.