Báwo ni wọ́n ṣe ń fún màlúù tí òùngbẹ ti dá lágara lómi létí odò Pecos?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní 1866, àwọn darandaran méjì, Charles Goodnight àti Oliver Loving, da nǹkan bí 2,000 màlúù láti Texas lọ sí Fort Sumner, ibùdó àwọn ológun ní New Mexico, l'Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó kan odò Pecos, ilẹ̀ gbígbẹ lásán ni, tòru-tọ̀sán ni wọ́n sì ń rìn, torí màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ kì í dùbúlẹ̀.

Tí àwọn màlúù náà bá wá gbóòórùn omi, wọ́n á ya lọ gììrì, tẹ̀yìn á ti tiwájú sódò. Etí odò yẹn sì ga, kò síbi tí wọ́n máa gbà gùn jáde. Ká má tíì sọ ti adágún oníyọ̀ tó wà nítòsí, tó ń pa màlúù.

Ṣé wọ́n máa ń pín agbo kí wọ́n tó débẹ̀ ni? Mélòó lẹ́ẹ̀kan? Ìhà ibo ni àwọn ẹlẹ́ṣin ń dúró sí bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ látodò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.